Lọ́rùn Ta Ni Ẹrù Yìí Wà? Ìrànlọ́wọ́ fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Àkàndá ní Yunifásítì Ilé àti ti Òkè Òkun

Àdúgbò tí ó ti Èbúté Mẹ́ta gba Yábàá dé Àkọkà, tí ó sì yí sí Sùúrùlérè àti Ìdí-Àràbà, kò fẹ̀ ju ibi tí ènìyàn lè fi dánfó kan tàbí méjì rìn já lọ, síbẹ̀ inú rẹ̀ ni a ti rí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá kàn gbọ̀ngbọ̀n ní Nàìjíríà. Ilé Ìwòsàn Eegun tí ó wà ní Ìgbóbì bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibùdó ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì di ilé ìwòsàn ní 1945. Pacelli School ní Sùúrùlérè, tí ìjọ Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní 1962, ń kọ́ àwọn ọmọ tí kò ríran tàbí tí ojú wọn kò dá ṣáṣá. Wesley School ń kọ́ àwọn ọmọ adití ní Sùúrùlérè kan náà. Ilé Modupe Cole ní Àkọkà ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ara tàbí ọpọlọ wọn nílò àmójútó. Ibùdó Sickle Cell Foundation sì wà ní Ìdí-Àràbà fún àwọn tí àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde ń bá fínra. Láàrin àwọn wọ̀nyí ni Yábàá College of Technology wà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1947, àti Yunifásítì Èkó, tí ó ṣílẹ̀kùn ní 1962, ọdún kan náà pẹ̀lú Pacelli. Bí wọ́n ti súnmọ́ ara wọn tó yìí, ọ̀nà tí ó ti iléèwé àwọn ọmọ àkàndá dé gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ṣì jìn gan-an, nítorí pé ìtọ́jú tí ọmọ náà ń rí gbà láti kékeré sábà máa ń dópin ní ẹnu ọ̀nà yunifásítì.

Akẹ́kọ̀ọ́ àkàndá tí àpilẹ̀kọ yìí ń sọ ni ẹni tí kò ríran dáadáa, ẹni tí kò gbọ́ràn, ẹni tí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ bó ti yẹ, àti ẹni tí àìlera ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń dí lọ́wọ́ bí kò tilẹ̀ hàn sójú. Ìrànlọ́wọ́ tí a sì ní lọ́kàn ni gbogbo ètò tí yunifásítì lè ṣe kí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ lè kẹ́kọ̀ọ́ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: ìwé ní bírélì, ìyẹn àwọn àmì tótòtó tí ọwọ́ fi ń kàwé, ògbufọ̀ èdè ọwọ́ tí yóò máa tú ọ̀rọ̀ olùkọ́ fún adití, ọ̀nà onídàgẹ̀rẹ̀ dípò àtẹ̀gùn fún ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ, àfikún àkókò nínú ìdánwò, àti ọ́fíìsì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti rí i pé gbogbo èyí wáyé. Kò sí orílẹ̀-èdè kan tí ó ṣe gbogbo rẹ̀ ní àṣeyọrí lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ó sì ya àwọn tí ó ti rìn jìnnà sọ́tọ̀ sí àwọn tí wọn kò tíì rìn kì í ṣe àánú, nítorí pé àánú kò wọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá. Ohun tí ó yà wọ́n ni ẹni tí òfin gbé ẹrù náà kọ́ lọ́rùn, àti àpò tí owó rẹ̀ ti ń jáde.

Nàìjíríà kò ṣàìní òfin. Ìlànà Àpapọ̀ lórí Ẹ̀kọ́ ti 1977 ya abala kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn àkàndá. Ní 1993, ìjọba ológun gbé àṣẹ kan jáde tí ó ṣèlérí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún wọn ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé òkè, ṣùgbọ́n àṣẹ náà kò kúrò lórí ìwé. Nàìjíríà fọwọ́ sí Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Àwọn Àkàndá ní 2007, ó sì gbà á wọlé pátápátá ní 2010. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní 2011, èyí tí ó fìdí LASODA múlẹ̀, ìyẹn ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ náà tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin àpapọ̀ tí ó ka yíya àwọn àkàndá sọ́tọ̀ léèwọ̀, tí ilé aṣòfin ti parí iṣẹ́ lé lórí ní 2018. Abala 18 nínú rẹ̀ sọ pé gbogbo iléèwé ìjọba, títí kan ilé-ẹ̀kọ́ gíga, gbọ́dọ̀ rí bí àkàndá ti lè wọlé sí i kí ó sì kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, pé ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán òṣìṣẹ́ kan tí a kọ́ fún iṣẹ́ náà, pẹ̀lú àwọn ohun èlò tí ẹ̀kọ́ wọn nílò. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá ya àkàndá sọ́tọ̀ yóò san ìtanràn ₦1,000,000. Òfin kan náà fún gbogbo ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún márùn-ún láti tún ẹnu ọ̀nà àti àtẹ̀gùn wọn ṣe, àkókò náà sì ti pé ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024.

Bí a bá fi òfin 2018 yìí wé àṣẹ 1993, a ó rí i pé ibì kan wà tí tuntun ti kéré sí ti àtijọ́. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí òfin tuntun ṣèlérí dúró ní iléèwé girama; kò mẹ́nu ba owó yunifásítì. Òfin náà kò sì sọ àpò tí owó òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo tí abala 18 bèèrè fún yóò ti jáde, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ iye tí yunifásítì gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ lọ́dún fún bírélì, ògbufọ̀ tàbí lífítì. Níbi tí òfin bá ti dákẹ́ lórí owó, kò ní ṣòro fún ẹni tí kò ṣe ojúṣe rẹ̀ láti wí àwáwí.

Apá kan wà tí ìyípadà ti hàn gbangba, ó sì yẹ kí a yìn ín. Láti 2017, JAMB, ìyẹn àjọ ìdánwò ìgbaniwọlé, ti ní ìgbìmọ̀ kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola ń darí, tí wọ́n ń pè ní JEOG, tí ó ń ṣètò ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì fún àwọn tí kò ríran ní àwọn ibùdó tí a yàn káàkiri orílẹ̀-èdè, kí ó má baà jẹ́ pé ọmọ tí ó kàwé ní Pacelli yóò jókòó níwájú kọ̀ǹpútà tí kò bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ti ipa bẹ́ẹ̀ wọ yunifásítì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ JAMB parí ní ọjọ́ tí ó fún ọmọ ní ìwé ìgbaniwọlé. Láti ọjọ́ náà lọ, ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba, ẹrù náà bọ́ sọ́rùn ìyá, bàbá, ẹ̀gbọ́n, ìjọ, àti jù gbogbo wọn lọ, ọmọ kíláàsì. Ọ̀rẹ́ ni yóò ka handout sókè fún ẹni tí kò ríran. Ọ̀rẹ́ ni yóò fa ọwọ́ rẹ̀ láti gbọ̀ngàn kan dé èkejì. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni yóò gbé kẹ̀kẹ́ arọ gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì nítorí pé àwọn tí ó kọ́ ilé náà ní ọdún 1960 sí 1979 kò rò ó rí pé ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn yóò ní ohun tí yóò wá ṣe níbẹ̀. Adití sábà máa ń gbára lé ògbufọ̀ tí ó kọ́ èdè ọwọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ ribiribi ni àwọn ọ̀rẹ́ wọ̀nyí ń ṣe, ìwà ọmọlúàbí sì ni. Àbùkù ibẹ̀ ni pé ìgbà tí ọ̀rẹ́ bá ń ṣàìsàn, tàbí tí ìdánwò tirẹ̀ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ̀kọ́ àkàndá yóò dúró, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Ọ̀rọ̀ àwọn adití ní ìtàn tirẹ̀ tí ó so Nàìjíríà mọ́ Amẹ́ríkà ju bí ọ̀pọ̀ ti mọ̀ lọ. Andrew Foster, adití aláwọ̀dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, ni aláwọ̀dúdú àkọ́kọ́ tí ó gboyè jáde ní Gallaudet, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití tí ó wà ní Washington, tí Ààrẹ Abraham Lincoln fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ìfúnni-lóyè rẹ̀ ní 1864. Ọdún 1954 ni Foster gboyè náà, ìyẹn àádọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn tí a ti fọwọ́ sí ìwé ọ̀hún. Ó dé Accra ní 1957, ó dá iléèwé àwọn adití sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ní Ìbàdàn ní 1960. Èdè ọwọ́ ti Amẹ́ríkà tí ó mú wá ni gbòǹgbò èdè ọwọ́ tí ọ̀pọ̀ adití ń sọ ní Nàìjíríà lónìí. Yunifásítì Ìbàdàn dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àwọn àkàndá sílẹ̀ ní 1974, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò máa kọ́ àwọn àkàndá tẹ̀lé e ní Ọ̀yọ́ ní 1977, nígbà tí ó sì yá, Yunifásítì Ìlọrin dá ibùdó ìrànlọ́wọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ adití. Ìlọsíwájú ni gbogbo èyí, àmọ́ ó ní àbájáde kan tí kò dára tó: nítorí pé ẹ̀ka tí ó ń kọ́ni nípa àkàndá ni ògbufọ̀ àti bírélì wà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àkàndá ń já sí, yálà ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìṣirò owó tàbí òfin ni ọkàn wọn fẹ́ ní ti tòótọ́. Ẹni tí ó bá yan ẹ̀kọ́ nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni òun ti lè gbọ́ olùkọ́, a kò lè sọ pé ó yàn.

Ní Amẹ́ríkà, ogun ni ó bí ètò ìrànlọ́wọ́ yunifásítì, gẹ́gẹ́ bí ogun ti bí ilé ìwòsàn Ìgbóbì. Ìjọba ibẹ̀ ti ṣèlérí láti rán àwọn ọmọ ogun tí ó ti ojú ogun dé lọ sí yunifásítì, àwọn kan nínú wọn sì ti di ẹni orí kẹ̀kẹ́ arọ. Ní 1948, Timothy Nugent bẹ̀rẹ̀ ètò kan fún wọn ní ẹ̀ka Yunifásítì Illinois tí ó wà ní Galesburg. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ẹ̀ka náà pa ní 1949, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà wọ́de lórí kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n sì gba àyè ní olú-yunifásítì ní Urbana. Ibẹ̀ ni a ti kọ́ àwọn ọ̀nà onídàgẹ̀rẹ̀, tí a sì lo àwọn bọ́ọ̀sì tí ó ní ẹ̀rọ tí ń gbé kẹ̀kẹ́ arọ sókè, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá kò tíì ronú kan irú rẹ̀. Ìlú Marburg ní Jámánì ti gba ọ̀nà yìí ṣáájú: ní 1916, nínú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun tí ojú wọn ti fọ́ kí wọ́n lè lọ sí yunifásítì ìlú náà, títí di òní ni Marburg sì jẹ́ ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran ń wọ́ lọ. Àwọn ọmọ ogun Ìgbóbì kò rí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ní 1945 Nàìjíríà kò tíì ní yunifásítì kankan, Ìbàdàn kò bẹ̀rẹ̀ títí di 1948, nígbà tí yunifásítì sì dé, ìtọ́jú àkàndá ti di iṣẹ́ ilé ìwòsàn àti ti ìjọ, kò sì di iṣẹ́ yunifásítì.

Èyí tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa gbé yẹ̀wò dáadáa ni ti Berkeley ní California. Ed Roberts, tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti sọ di aláìlègbápá-gbẹ́sẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wọ yunifásítì náà ní 1962, ẹ̀rọ ni ó sì ń bá a mí lóru. Họ́sítẹ́ẹ̀lì kankan kò lè gba ẹ̀rọ náà, nítorí náà ilé ìwòsàn yunifásítì ni wọ́n fi í sí. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn bí irú rẹ̀ fi darapọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n sì gba owó ìjọba àpapọ̀ láti dá ètò ìrànlọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ àkàndá sílẹ̀ ní 1970, ètò tí àwọn àkàndá fúnra wọn ń darí: ẹni tí yóò bá akẹ́kọ̀ọ́ wọṣọ, ẹni tí yóò tún kẹ̀kẹ́ arọ ṣe, ẹni tí yóò bá a wá ilé. Ní 1973, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà fi abala kékeré kan sínú òfin ìmúpadàbọ̀sípò, abala 504, tí ó sọ pé ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí tí ó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ ti ẹnikẹ́ni sẹ́yìn nítorí pé ó jẹ́ àkàndá. Yunifásítì tí kì í gba owó náà lọ́nà kan tàbí òmíràn ṣọ̀wọ́n. Síbẹ̀ ọdún mẹ́rin ni òfin náà fi sùn, nítorí pé ìjọba kò fọwọ́ sí àwọn ìlànà tí a ó fi mú un ṣẹ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1977, àwọn àkàndá tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún wọ ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ ní San Francisco, wọ́n sì sùn níbẹ̀ fún ohun tí ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, àwọn ẹgbẹ́ aláwọ̀dúdú agbègbè náà ń gbé oúnjẹ wá fún wọn, títí tí mínísítà fi fọwọ́ sí ìlànà náà. Ẹ jẹ́ kí a rántí èyí nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ òfin 2018 tiwa: òfin tí ó dára jù lọ lè sùn bí àwọn tí a ṣe é fún kò bá jí i.

Abala 504, pẹ̀lú òfin ńlá ti 1990 tí ó mú un gbòòrò, ni ó fún ètò Amẹ́ríkà ní ìrísí tí ó ní lónìí. Yunifásítì ni ẹrù wà lọ́rùn rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò lọ sí ọ́fíìsì àwọn àkàndá, yóò fi ìwé dókítà hàn, ọ́fíìsì yóò pinnu ohun tí ó tọ́ sí i, yóò sì kọ lẹ́tà sí àwọn olùkọ́ rẹ̀ láìsọ irú àìlera tí ó ní. Yunifásítì ni yóò san owó ògbufọ̀, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ lára akẹ́kọ̀ọ́ náà. Àléébù rẹ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la ẹnu. Ẹni tí ojú ń tì, tàbí tí kò ní owó àyẹ̀wò tí yóò mú ìwé dókítà jáde, kò ní rí nǹkan kan gbà.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn, èyí tí ó kan àwọn Yorùbá ní tààrà, nítorí pé àìmọye ìdílé wa ni ó ní ọmọ ní yunifásítì ibẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ìrànlọ́wọ́ ń gbà wọlé. Àkọ́kọ́ ni òfin ìdọ́gba ti 2010, tí ó pàṣẹ pé kí yunifásítì ṣe àtúnṣe tí ó bá ọgbọ́n mu fún akẹ́kọ̀ọ́ àkàndá, kí ó sì máa ronú rẹ̀ ṣáájú kí akẹ́kọ̀ọ́ náà tó dé rárá. Òfin náà ka ẹni tí àìlera rẹ̀ ti pẹ́ tàbí tí yóò pẹ́ tó oṣù méjìlá, tí ó sì ń ṣèdíwọ́ gidi fún iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, sí àkàndá. Lábẹ́ èyí, akẹ́kọ̀ọ́ tí fòníkú-fọ̀la-dìde ń yọ lẹ́nu lè ní ẹ̀tọ́ sí kí wọ́n sún ìdánwò rẹ̀ síwájú nígbà tí ìrora bá dé, ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó tí ó ní àrùn kan náà kò mọ̀ pé a lè bèèrè fún. Èkejì ni owó tí ìjọba ń fún akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Disabled Students' Allowance. Owó yìí kì í ṣe gbèsè, wọn kì í sì í wo owó tí òbí ń gbà kí wọ́n tó fúnni. Ní England, iye tí ó pọ̀ jù tí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí gbà nínú ọdún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025 jẹ́ £26,948, fún ẹ̀rọ àti fún olùrànlọ́wọ́.

Àmọ́ ọmọ tí bàbá rẹ̀ ta ilẹ̀ ní Ìkòròdú láti rán an lọ sí Manchester pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ kò ní ẹ̀tọ́ sí owó yìí. Ọmọ tí wọ́n bí ní Peckham ní London, tí òbí rẹ̀ jẹ́ ará Èbúté Mẹ́ta, lè ní ẹ̀tọ́ sí i. Àwọn méjèèjì lè jókòó lórí àga kan náà, kí wọ́n ní irú àìlera kan náà, kí ọ̀kan ní ẹ̀rọ tí ń kàwé fún un láti àpò ìjọba, kí èkejì máa wá owó rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí òbí tí ó wà ní Èkó gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé òfin 2010 kò yọ ọmọ onífísà sílẹ̀: yunifásítì gbọ́dọ̀ ṣe àtúnṣe fún òun náà, láti inú àpò ara rẹ̀, bí ọmọ náà bá sọ ohun tí ó ń ṣe é. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìdílé wa ti ń ṣe ara wọn léṣe, nítorí ìbẹ̀rù pé wọn yóò gba físà lọ́wọ́ ọmọ, tàbí nítorí ìtìjú lásán, wọ́n á ní kí ọmọ pa á mọ́ra. Bí òfin náà ti le tó hàn nínú ẹjọ́ kan tí a dá fún Yunifásítì Bristol. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ẹ̀rù ìbánisọ̀rọ̀ ní gbangba ń dè mọ́lẹ̀ kú ní 2018, lẹ́yìn tí ẹ̀ka rẹ̀ ti ń fi ìdánwò àfẹnusọ díwọ̀n rẹ̀. Ilé ẹjọ́ sọ ní 2022 pé yunifásítì náà yà á sọ́tọ̀ nítorí pé kò yí irú ìdánwò náà padà, ilé ẹjọ́ gíga sì fara mọ́ ìdájọ́ náà ní oṣù Kejì ọdún 2024.

Ètò tí ó súnmọ́ ohun tí Nàìjíríà lè ṣe kíákíá jù lọ wà ní Sweden. Wọ́n pàṣẹ pé kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ya ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ìjọba ń fún un fún ẹ̀kọ́ sọ́tọ̀ fún ìrànlọ́wọ́ àwọn àkàndá. Bí ìnáwó ògbufọ̀ bá pọ̀ jù fún yunifásítì kan, owó àjùmọ̀ní ti orílẹ̀-èdè wà láti fi kún un. Inú owó yìí ni wọ́n ti ń sanwó fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbà láti máa kọ àkọsílẹ̀ kíláàsì fún ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí ó jẹ́ àkàndá. Ẹ wò ó pé iṣẹ́ yìí kan náà ni ọ̀rẹ́ ń ṣe ní Àkọkà lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí pé wọ́n ń sanwó fún un ní Stockholm, bí ẹni tí ń kọ ọ́ bá ṣàìsàn, ọ́fíìsì yóò wá ẹlòmíràn, akẹ́kọ̀ọ́ àkàndá kò sì ní ìdí láti máa bẹ ẹnikẹ́ni.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ilẹ̀ òyìnbó nìkan ni èyí ti ṣeé ṣe. Ní Gúúsù Áfíríkà, Yunifásítì Witwatersrand ní Johannesburg ti dá ẹ̀ka ìrànlọ́wọ́ àwọn àkàndá sílẹ̀ láti 1986, nígbà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣì wà lórí oyè. Òfin ìpìlẹ̀ wọn ti 1996 ka yíyanisọ́tọ̀ nítorí àìlera léèwọ̀. Ètò ìlànà orílẹ̀-èdè fún àwọn àkàndá ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga jáde ní 2018. Àjọ ìjọba tí ń ran akẹ́kọ̀ọ́ aláìní lọ́wọ́ sì ń san owó ẹ̀rọ àti ti olùrànlọ́wọ́ fún àwọn àkàndá tí wọ́n yege. Ní 2023, èdè ọwọ́ di ọ̀kan nínú àwọn èdè tí ìjọba orílẹ̀-èdè náà ń lò. Ghana, tí ó súnmọ́ wa ju Gúúsù Áfíríkà lọ, ṣe òfin tirẹ̀ ní 2006, ó fún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún mẹ́wàá láti tún ara wọn ṣe, ọdún mẹ́wàá náà sì pé ní 2016 láìjẹ́ pé iṣẹ́ náà parí. Ṣùgbọ́n Yunifásítì Ghana ní Legon ní ọ́fíìsì tirẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n nílò ìrànlọ́wọ́, yunifásítì tí ó wà ní Winneba náà sì ní ibùdó fún wọn. Ohun tí a kọ́ lára Ghana ni pé yunifásítì lè bẹ̀rẹ̀ láìdúró de ìjọba, àti pé gbèdéke ọdún láìsí owó àti láìsí olùbẹ̀wò kì í kọ́ ọ̀nà onídàgẹ̀rẹ̀ kankan.

Ohun tí ó kù láti sọ ni ohun tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga Yábàá àti Àkọkà lè ṣe láìdúró de ọdún mìíràn, díẹ̀ nínú rẹ̀ kò sì gba owó púpọ̀. Handout tí olùkọ́ ń fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣe fọtokọ́pì jẹ́ òkúta lójú ẹni tí kò ríran, nítorí pé ẹ̀rọ tí ń kàwé sókè kì í sábà lè ka àwòrán ìwé dáadáa. Bí olùkọ́ kan náà bá fi ojúlówó ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ránṣẹ́, ẹ̀rọ náà yóò kà á lójú ẹsẹ̀. Kò sì di dandan kí ẹ̀rọ ọ̀hún wọ́n: NVDA, tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí kò ríran bẹ̀rẹ̀ ní Australia ní 2006, wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Windows. Òfin ẹ̀tọ́ oníǹkan kò dènà rẹ̀ mọ́, nítorí pé Nàìjíríà ti gba Àdéhùn Marrakesh wọlé ní 2017, òfin ẹ̀tọ́ oǹkọ̀wé tuntun ti 2022 sì ti fàyè sílẹ̀ fún yíyí ìwé padà sí bírélì tàbí sí ohùn fún àwọn tí kò ríran. Àṣẹ kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ Sẹ́nẹ́ètì yunifásítì tó láti sọ pé olùkọ́ tí kò bá fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ti ògbufọ̀ àti ti ilé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Owó ni wọ́n ń fẹ́. Ògbufọ̀ kan kò tó fún kíláàsì wákàtí méjì, nítorí pé ọwọ́ àti ọpọlọ rẹ̀ á ti rẹ̀ kí ìdajì tó pé, ìdí nìyí tí a fi máa ń yan méjì tí wọn yóò máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ọ̀dọ̀ Àjọ TETFund, tí ń pín owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ni ó tọ́ kí owó yìí ti jáde: kí a ya ìdá kan sọ́tọ̀, bí ó tilẹ̀ kéré bí ti Sweden, kí a kọ orúkọ àkàǹtì náà sílẹ̀, kí ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkàndá ní agbára láti ná an, kí àkàndá fúnra wọn sì wà nínú ìgbìmọ̀ tí yóò yẹ ìwé rẹ̀ wò, bí àwọn àkàndá ti darí ètò tiwọn ní Berkeley. Kí a má ṣe fọwọ́ sí àwòrán ilé tuntun kankan tí kò ní ọ̀nà onídàgẹ̀rẹ̀, nítorí pé òfin 2018 ti sọ bẹ́ẹ̀, ó sì rọrùn láti kọ́ ọ nígbà tí bíríkìlà ṣì wà lórí iṣẹ́ ju kí a padà wá fọ́ ògiri lọ.

Títí èyí yóò fi rí bẹ́ẹ̀, ìdílé tí ọmọ wọn àkàndá bá ti gba ìwé ìgbaniwọlé, ní Èbúté Mẹ́ta tàbí níbikíbi, kí wọ́n kọ lẹ́tà sí Rẹ́jísírà yunifásítì náà kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sọ ohun tí ọmọ náà nílò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tọ́ka sí abala 18 nínú òfin náà, kí wọ́n fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí LASODA bí ó bá jẹ́ Èkó ni, kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́ sí Àjọ Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Àwọn Àkàndá ní Àbújá, kí wọ́n sì tọ́jú èsì tí wọ́n bá rí gbà.